Ẹ̀yìn Tó Kọ Ọ̀já

Gbágùdá ni mo kọ́kọ́ dá lẹ́bi. Nígbà tí mo fẹ̀yìn tì lẹ́nu iṣẹ́ tíṣà, mo ní mi ò ní jókòó sílé kí n máa ka ewúrẹ́ tó ń kọjá, mo bá gba ilẹ̀ díẹ̀ lójú ọ̀nà Tápà, mo gbin gbágùdá sí i. Lọ́dún tí mò ń sọ yìí, òjò tètè dá, ilẹ̀ gan paali, àwọn alágbàṣe sì ń fi òní dónìí fọ̀la dọ́la. Èmi kò ní sùúrù, ẹni tó bá mọ̀ mí mọ̀ bẹ́ẹ̀. Mo wọ oko, mo bẹ̀rẹ̀ sí í fa gbágùdá fúnra mi. Nígbà tí mo fi délé, ìhà ọ̀tún mi ti ń ro mí láti ẹ̀yìn wá sí abẹ́ ọmú. Mo ní ó dáa bẹ́ẹ̀, ta ló rán mi níṣẹ́.

Lọ́dọ̀ tiwa, omi gbígbóná ló máa ń kọ́kọ́ gbọ́ ẹjọ́ ìrora. Ìyá tó ṣẹ̀ṣẹ̀ bímọ, omi gbígbóná la fi ń jó ikùn rẹ̀. Ẹni tó ti oko dé tí gbogbo ara ń ro ó, omi gbígbóná náà ni. Mo gbé omi kaná, mo ti táwẹ́ẹ̀lì bọ̀ ọ́, mo fún un, mo fi ń tẹ ìhà mi, mo sì fi ìpara gbígbóná inú agolo pẹlẹbẹ yẹn ra á títí ojú mi fi ń ṣomi. Mo tún ṣe bẹ́ẹ̀ lọ́jọ́ kejì. Kò pẹ́ sí i, ojú ibẹ̀ pọ́n, ó sì lé ròrò, ìléròrò wẹ́ẹ́wẹ́ẹ́ tómi kún inú wọn. Wọ́n tò láti ọ̀pá ẹ̀yìn wá sí àyà, bí ẹni pé ẹnìkan fẹ́ di bẹ́líìtì fún mi tó sì pa iṣẹ́ tì ní ìdajì. Ìhà òsì kò ní nǹkan kan.

Mo wò ó nínú dígí, mo ní omi gbígbóná ti bó mi. Ta ni mo fẹ́ fẹjọ́ rẹ̀ sùn? Ṣebí èmi náà ni mo gbé omi kaná. Torí ìyẹn ni mi ò fi lọ sí ọsibítù. Ìtìjú ni, kí tíṣà tó fi gbogbo ayé rẹ̀ kìlọ̀ fún ọmọ pé kí wọ́n má ṣeré nídìí iná wá fi omi bó ara rẹ̀. Ẹnìkan rí i ní ṣọ́ọ̀ṣì nígbà tí bùbá mi ká sókè, ó ní kòkòrò ló tọ̀ sí mi lára. Ẹlòmíì ní kí n gbàdúrà, pé ọwọ́ ayé ni. Mo ní ọwọ́ ayé wo ló máa fi gbogbo ọlọ́lá ìlú sílẹ̀, tó máa wá máa lé èmi tí mò ń fa gbágùdá kiri? Mo fi àdí àgbọn pa á. Ìléròrò náà bẹ́, ó gbẹ, ó sé èépá, èépá ré kúrò, ó ku àpá dúdú. Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run, mo ní ó parí.

Kò parí. Ìgbà tí awọ ara jinná tán ni ìrora wá ráyè. Mo mọ ìrora o. Mo ti rọbí, eyín sì ti dùn mí rí débi pé mo fẹ́ fi orí gbá ògiri. Èyí kì í ṣe irú wọn. Nígbà mìíràn á máa jó mi lábẹ́ awọ bí ìgbà tí ata bá kán sójú egbò. Nígbà mìíràn á dákẹ́, màá ti máa yọ̀, á wá gbé mi lẹ́ẹ̀kan náà bí iná mànàmáná, ohun tí mo bá mú lọ́wọ́ á bọ́. Ó tún ń yún mi, bẹ́ẹ̀ mi ò gbọdọ̀ fọwọ́ kàn án. Èyí tó burú jù ni aṣọ. Ìró tí mo ti ń ró láti ìgbà ọmọge, tí mo máa ń so mọ́ àyà bí mo bá ń lọ wẹ̀, mi ò lè ró o mọ́. Atẹ́gùn fáànù lásán bá fẹ́ sí mi lára, màá fò sókè. Mo wá ń wọ bùbù gbàgẹ̀rẹ̀ káàkiri, mò ń fi ọwọ́ kan gbé e kúrò lára bí mo ṣe ń rìn. Àwọn ará àdúgbò ní Màmá Tíṣà ti di Alájà, mo bá wọn rẹ́rìn-ín.

Mo lo oògùn ara ríro tí wọ́n ń tà ní kẹ́míìsì, funfun, pupa, aláwọ̀ méjì. Kò sí èyí tó mọ̀ pé mo gbé òun mì. Mi ò sì lè ṣàlàyé fún ẹnikẹ́ni, nítorí kò sí nǹkan tí mo fẹ́ fi hàn wọ́n. Egbò tó wà lójú, wọ́n á bá ọ kẹ́dùn. Èyí tó ti jinná, wọ́n á ní kí o dúpẹ́.

Inú ipò yìí ni mo wà nígbà tí ọmọbìnrin mi bímọ ní Èrúwà, níbi tó ń gbé pẹ̀lú ọkọ rẹ̀. Ìbejì ni, ọkùnrin kan, obìnrin kan. Àwọn nọ́ọ̀sì bi í pé ìlú wo ló ti wá, ó ní Igbó-Ọrà, wọ́n ní kí ló wá kù tí àwọn tún ń béèrè. Oyún náà ti ni ín lára gan-an, ẹsẹ̀ rẹ̀ wú, kò rí oorun sùn. Mo ti pinnu pé mi ò ní sọ ọ̀rọ̀ ìhà mi fún un. Bí wọ́n ṣe tọ́ wa nìyẹn. Ẹni tó lóyún àti ẹni tó ń fọ́mọ lọ́mú, wọn kì í sọ ohun tó máa kó wọn lọ́kàn sókè fún wọn, wọ́n ní wàrà á sá.

Ìyá ọkọ rẹ̀ ti Láńlátẹ̀ dé ṣáájú mi. Àgbẹ̀ ni, mùsùlùmí ni, obìnrin gbọọrọ kan báyìí tí ohùn rẹ̀ máa ń ṣáájú rẹ̀ wọlé. Mo fẹ́ràn rẹ̀. A pín iṣẹ́. Ó ní òun ìyá bàbá á máa wẹ ọkùnrin, kí èmi ìyá ìyá máa wẹ obìnrin. Ọmọ wíwẹ̀ kò ni mí lára. Orí àpótí ni mo máa ń jókòó, màá na ẹsẹ̀, màá tẹ́ ẹ lé e, kò sí ohun tó kan ìhà mi. Ìgbà tí ọrùn wọn le díẹ̀ ni wàhálà dé, nítorí ọmọ tí wọ́n bá wẹ̀, tí wọ́n sì fún lọ́mú, ẹ̀yìn ló kàn. Àna mi á ní "Bísímílà," á tẹ̀ ba, á gbé ọkùnrin pọ̀n, á fọwọ́ gbá ìdí rẹ̀ pẹ́pẹ́, á máa rìn lọ rìn bọ̀ ní kọ́rídọ̀. Èmi á tẹ́ tèmi sórí bẹ́ẹ̀dì.

"Ẹ pọ̀n ọ́n, Màmá Tíṣà. Ẹ̀yìn lọmọ ń béèrè."

"Wọ́n ní títẹ́ ọmọ sílẹ̀ ló dáa," mo wí. "Ó wà nínú ìwé."

"Ìwé kẹ̀? Ìwé ló pọ̀n ẹ̀yin dàgbà ni?"

Bẹ́ẹ̀, ìbejì ni wọ́n. Ohun tí wọ́n bá ṣe fún ọ̀kan ni wọ́n gbọ́dọ̀ ṣe fún èkejì, gbogbo Ìbàràpá ló mọ̀ bẹ́ẹ̀. Torí náà bí àna mi bá ti sọ ọkùnrin kalẹ̀, á tún wá gbé obìnrin, á pọ̀n òun náà títí tó fi máa sùn. Ó ń ṣe iṣẹ́ tirẹ̀, ó ń ṣe tèmi mọ́ ọn, kò sì ráhùn. Èmi á jókòó sí ẹ̀gbẹ́ kan, màá máa ká aṣọ ìlédìí. Mò ń jowú. Mò ń jowú obìnrin tó ń ràn mí lọ́wọ́, inú sì ń bí mi sí ara mi pé mò ń jowú. Omidan kékeré yẹn á gbé ẹ̀rẹ̀kẹ́ lé ẹ̀yìn olóhùn gbàràmù yẹn, á sùn lọ, bẹ́ẹ̀ èmi ni ìyá ìyá rẹ̀.

Ọmọbìnrin mi ń wò mí ṣáá. Èmi ni mo bí i, mo mọ ìgbà tó bá ń wò mí. Lọ́jọ́ kan tí àna mi lọ nájà ní Láńlátẹ̀, ọmọ mi ń wẹ ọkùnrin lọ́wọ́, obìnrin bẹ̀rẹ̀ sí í ké nínú yàrá.

"Màmá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi pọ̀n ọ́n, oorun ló ń kùn ún."

Mo ní ẹ̀yìn ń dùn mí, kí n kàn gbé e dání. Mo gbé e sí apá òsì. Ó ń bínú, ó ń ta ẹsẹ̀ sókè sódò, gìgísẹ̀ rẹ̀ bá gbá ojú àpá náà. Mi ò mọ ohun tí mo ṣe. Mo gbọ́ igbe, èmi gan-an ni mo ké. Nígbà tí ojú mi fi máa là, ọmọ ti wà lórí bẹ́ẹ̀dì, ó ń sunkún kíkorò, èmi sì ti sún mọ́ ògiri lọ́hùn-ún, ọwọ́ mi méjèèjì wà lókè. Kò fara pa. Àmọ́ ìyá rẹ̀ ti dúró lẹ́nu ọ̀nà, ó gbé ọkùnrin dání, ọṣẹ ń kán sílẹ̀ lára ọmọ náà.

"Ẹ jù ú nù," ó wí.

"Mi ò jù ú nù."

"Màmá, mo rí yín." Ohùn rẹ̀ ń gbọ̀n. "Láti ìgbà tí mo ti bí wọn, ẹ ò pọ̀n ọ̀kankan rí nínú wọn. Ẹ pọ̀n ọmọ ẹ̀gbọ́n mi. Ẹ pọ̀n ọmọ alájọgbélé. Tèmi nìkan lẹ ò lè pọ̀n. Kí ni wọ́n fi ṣe yín? Ṣé torí pé ilé kéú ni wọ́n máa lọ?"

Ọ̀rọ̀ náà dùn mí ju gìgísẹ̀ ọmọ lọ. Ó ti ń rò ó tipẹ́, mo rí i lójú rẹ̀ pé kì í ṣe ọjọ́ yẹn ló bẹ̀rẹ̀. Mi ò bá a jà. Mo yí ẹ̀yìn sí i, mo ká bùbù mi sókè.

Ó wò ó títí. "Kí ni kí n wò?" ó béèrè. "Ó ti jinná."

"Ó jinná," mo wí, "kò sì fi mí sílẹ̀." Mo bú sẹ́kún bí ọmọ kékeré, èmi tí mi ò sunkún níwájú ọmọ mi láti ọjọ́ tí a sin bàbá wọn.

Mo sọ gbogbo rẹ̀ fún un, láti orí gbágùdá dé orí fáànù. Ó sunkún tirẹ̀ náà, ó ní, "Ẹ fi pamọ́ fún mi kí n má baà ronú, ẹ wá jẹ́ kí n máa ro èyí tí mò ń rò." Nígbà tí àna mi ti ọjà dé tó gbọ́, ó pariwo débi pé àwọn ará ilé kejì wá wò ó bóyá kò sí láburú.

Dókítà obìnrin kan ló rí wa ní ọsibítù, ọmọ mi á jù ú lọ. Ó jẹ́ kí n ro ẹjọ́ omi gbígbóná tán.

"Màmá, omi kọ́ ló bó yín," ó wí. "Ṣíńgùsì là ń pe èyí. Omi gbígbóná kàn wà níbẹ̀ nígbà tó dé ni."

Ó bi mí bóyá ṣíkín-pọ́ọ̀sì ti mú mi rí, èyí tí ara ọmọdé fi máa ń sú wẹ́ẹ́wẹ́ẹ́. Mo ní ta ni kò mú láyé ìgbà tiwa? Ó ní kòkòrò àrùn náà kò kúrò lára mi láti ìgbà yẹn. Ó wọ ìdí iṣan tó ń gbé ìmọ̀lára, kì í ṣe iṣan ẹ̀jẹ̀ o, níbi tó ti yọ láti ọ̀pá ẹ̀yìn, ó sùn síbẹ̀ ní gbogbo ọdún tí mo fi ń kọ́ ọmọ ní á-bí-dí. Bí èèyàn bá ń dàgbà, tí agbára tí ara fi ń gbógun ti àrùn dín kù, ó lè jí, á sì gba ojú iṣan kan ṣoṣo yẹn jáde sí awọ ara. Ìdí nìyẹn tó fi dúró sí ìhà kan tí kò sọdá. Abẹ́rẹ́ àjẹsára wà fún un níbi tí wọ́n ti ń rí i, ó ní, bí mo bá sì ti wá nígbà tí ara ṣẹ̀ṣẹ̀ sú, láàárín bí ọjọ́ mẹ́ta, oògùn wà tí wọn ì bá fi ká a lọ́wọ́ kò. Ojú mi wálẹ̀. Ó ní kí n má da ara mi láàmú, pé lẹ́yìn tó bá ti gbẹ ni ọ̀pọ̀ èèyàn máa ń wá.

"Tó bá ti gbẹ, kí ló wá ń dùn mí?"

Ó ní awọ ara ló jinná, iṣan abẹ́ rẹ̀ ni kò tíì jinná. Àrùn náà ti bà á jẹ́ nígbà tó ń gba ojú rẹ̀ kọjá, ó wá ń jíṣẹ́ irọ́ fún ọpọlọ. Aṣọ á kàn án, á ní iná ni. Atẹ́gùn á fẹ́ ẹ, á ní ọ̀bẹ ni. Nígbà mìíràn kò sí ohun tó kàn án rárá, á sáà pariwo. Èyí yé mi dáadáa, nítorí mo ti ní irú ọmọ bẹ́ẹ̀ ní kíláàsì rí. Ẹnìkan na án gidi lọ́jọ́ kan, láti ìgbà náà, bí aṣọ ẹnìkejì bá kàn án lásán á ti dìde, "Tíṣà, wọ́n lù mí o!" Kì í ṣe pé ó mọ̀ọ́mọ̀ ń purọ́, ó gbà lọ́kàn rẹ̀ pé wọ́n lu òun ni. Sùúrù ni mo fi tún ọmọ yẹn ṣe, ó sì pẹ́.

Lẹ́yìn náà ó mú òwú fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́, ó fi ra ojú àpá náà. Mo fò dìde. Ó ní kí n má bínú, kí n gba òun láyè lẹ́ẹ̀kan sí i. Ó tẹ́ àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀ pẹrẹsẹ síbi kan náà, ó tẹ̀ ẹ́ mọ́ mi, kò gbé e. Mo di ojú, mò ń retí.

"Báwo ni?"

"Ó ń dùn mí," mo wí. "Àmọ́ kò tó ti òwú."

Ẹnu ya èmi fúnra mi. Ó ní bẹ́ẹ̀ ló máa ń rí fún ọ̀pọ̀ èèyàn, pé ohun tó ń ra ara fẹ́ẹ́rẹ́ ló ń bí iṣan náà nínú ju ohun tó dúró gbọn-in lọ. Ó fa etí bùbù mi. Ó ní aṣọ gbàgẹ̀rẹ̀ tí mo rò pé mo fi ń ṣàánú ara mi, òun gan-an ló ń fọwọ́ pa mí láti àárọ̀ dalẹ́. Ó ní kí n wá síńgílẹ́ẹ̀tì tó kúnná, tó mọ́ra, kí n máa wọ̀ ọ́ sábẹ́.

Mo wá béèrè ohun tó gbé mi dé ibẹ̀. "Dókítà, ṣé mo lè pọ̀n ọmọ?"

Kò rẹ́rìn-ín. Ó ní mi ò lè kó o ràn wọ́n, ojú rẹ̀ ti gbẹ tipẹ́. Ní ti pípọ̀n, ó ní ká kọ́kọ́ jẹ́ kí iṣan náà rọlẹ̀ ná. Ó ní òun ò lè bá mi dá ọjọ́. Ó máa ń tán lára àwọn kan pátápátá, lára àwọn mìíràn ó kàn ń dín kù. Ó wù mí pé kò purọ́ fún mi. Ọmọbìnrin mi, tó pọ̀n ọ̀kan tó gbé èkejì dání, ń wo ilẹ̀.

Dókítà bi mí nípa bí ọkàn mi ṣe ń lù, nípa ìtọ̀, nípa ojú, ó wá kọ oògùn kékeré kan tí màá máa lò lálẹ́. Ó ní díẹ̀ la máa fi bẹ̀rẹ̀, a óò máa fi kún un wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́, kí n má retí pé á ṣiṣẹ́ lọ́la. Ó fi ìpara kan tó ń jẹ́ kí ojú ara kú kún un. Mo bi í bóyá ìpara gbígbóná ni. Ó ní rárá, pé òótọ́ ni pé wọ́n ń fi èròjà inú ata ṣe ìpara kan fún irú ìrora yìí, àmọ́ kì í ṣe ìyẹn lòun máa fún mi. Mo ní ata tún kẹ̀, Ọlọ́run ṣeun.

Ní kẹ́míìsì, ọkùnrin tó ń ta oògùn wo ìwé, ó wo ojú mi, ó rẹ ohùn sílẹ̀. "Màmá, ta ló ni ín? Oògùn àwọn tí ìbànújẹ́ ọkàn ń dà láàmú nìyí." Mo ní èmi ni mo ni ín, mo gbé orí sókè bí ìgbà tí mo bá dúró níwájú ìpàdé òbí. Àmọ́ ó bà mí lọ́kàn jẹ́. Ohun tí mo ti ń bẹ̀rù láti ìbẹ̀rẹ̀ nìyẹn, kí wọ́n ní inú orí mi ni gbogbo rẹ̀ wà. Nígbà tí mo sọ ọ́ nílé, àna mi rẹ ohùn sílẹ̀, èyí tí kì í ṣe ìwà rẹ̀. Ó wá fara balẹ̀ bi mí pé, "Màmá Tíṣà, ṣé ẹ̀ ń ronú ni?" Ire ló fi béèrè, síbẹ̀ kò jẹ́ kí n sùn lóru ọjọ́ náà.

Mo padà sí Igbó-Ọrà, mò ń lo oògùn. Ẹnu mi gbẹ bí ẹni tó jẹ iyẹ̀fun. Láàárọ̀, orí mi á wúwo, òòyì á máa kọ́ mi. Ní ọjọ́ Sọ́ńdè kan mo sùn lójú ìwàásù, mo tún ń han-run, pásítọ̀ dúró kí n ṣe é tán. Ìrora náà kò sì yẹ̀ lójú rẹ̀. Mo ní bí mo bá máa jẹ̀rora, kí n kúkú la ojú jẹ ẹ́, mo dá oògùn dúró, mi ò sì sọ fún ẹnikẹ́ni.

Ọmọbìnrin mi wá kí mi, ó rí páálí oògùn lórí fìríìjì, ó ṣí i, ó rí i pé kò dín. Mò ń dúró kó pariwo. Ó jókòó tì mí, ó ní, "Ẹ tún ti ń fi nǹkan pamọ́ fún mi." Ohùn jẹ́jẹ́ ló fi sọ ọ́, mi ò lè wò ó lójú. A padà sí ọ̀dọ̀ dókítà.

"Ta ló ní kẹ́ ẹ dáwọ́ dúró?" dókítà béèrè.

"Èmi ni."

"Ẹ̀yin ni dókítà?"

"Tíṣà ni mí," mo wí, ó sì bú sẹ́rìn-ín, èmi náà rẹ́rìn-ín. Mo sọ ohun tí wọ́n sọ fún mi ní kẹ́míìsì. Ó ní òótọ́ ni ọkùnrin náà sọ, àmọ́ kò sọ ọ́ tán. Wọ́n ń lo oògùn náà fún ìbànújẹ́ ọkàn, ó sì tún ń rẹ ariwo iṣan sílẹ̀ kó tó dé ọpọlọ, ìwọ̀n díẹ̀ ló sì ń gbà fún ìyẹn. Kì í ṣe pé ẹnikẹ́ni sọ pé mò ń ronú. Ó ní kí n máa tètè lò ó ní ìrọ̀lẹ́ kí orí mi lè fúyẹ́ láàárọ̀, kí n máa bu omi mu díẹ̀díẹ̀, kí n máa rọra dìde, kí n má sì tún dá a dúró lójijì láìbi òun. Ó ní bí kò bá bá mi lára mu, oògùn mìíràn wà. Mo ṣèlérí, níwájú ọmọ mi.

Mi ò mọ ọjọ́ tó bẹ̀rẹ̀ sí í dín kù. Oorun ló kọ́kọ́ padà dé. Síńgílẹ́ẹ̀tì náà, mo bú u nígbà tí mo kọ́kọ́ wọ̀ ọ́, lẹ́yìn náà mi ò fẹ́ bọ́ ọ mọ́. Lọ́jọ́ kan mo wọ takisí lọ sí Èrúwà, wọ́n há wa mọ́ ẹ̀yìn, obìnrin tó gbé apẹ̀rẹ̀ tòmáàtì ń fi ìgbọ̀nwọ́ gún mi lọ ní gbogbo ọ̀nà. Ìgbà tí a sọ̀ kalẹ̀ ni mo rántí pé mi ò rántí ìhà mi. Mo dúró sójú títì, mò ń rẹ́rìn-ín, ọlọ́kadà kan rò pé òun ni mò ń rẹ́rìn-ín sí.

Síbẹ̀ mi ò pọ̀n ọmọ. Ẹ̀rù ló kù. Gbogbo ìgbà tí mo bá wo ọ̀já lórí okùn, igbe tí mo ké lọ́jọ́ yẹn ni mò ń gbọ́, mo sì ń rí ọmọ lórí bẹ́ẹ̀dì. Ọmọbìnrin mi kò tún bẹ̀ mí mọ́. Àwọn ọmọ ti ń rákò nígbà yẹn, obìnrin ti ń di àga mú dìde. Mò ń ṣírò rẹ̀ nínú mi pé láìpẹ́ wọ́n á rìn, wọn ò sì ní fẹ́ ẹ̀yìn ẹnikẹ́ni mọ́.

Ní ọ̀sán ọjọ́ kan, òjò ṣú ní Èrúwà. Àna mi ti padà sí Láńlátẹ̀ lọ bójú tó àgbàdo rẹ̀. Aṣọ wà lórí okùn lóde, obìnrin ń ké oorun, ó ń fa aṣọ ìyá rẹ̀. Ìyá rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ kó gbé e.

"Gbé e wá," mo wí.

"Màmá, rárá. Ẹ jẹ́ ká má dán an wò."

"Mo ní gbé e wá."

Mo bọ́ bùbù, ó ku síńgílẹ́ẹ̀tì àti ìró. Mo tẹ̀ ba, mo di etí bẹ́ẹ̀dì mú. Ó gbé ọmọ lé mi lẹ́yìn jẹ́jẹ́, bí ẹni tó ń gbé ẹyin, ó fi aṣọ bò ó, ó fi ọ̀já gbà á. Ẹ̀rù ń bà á, ló bá dì í dẹ̀ngbẹ̀rẹ̀. Ọmọ mí, aṣọ gbéra, ó ra ojú ibẹ̀. Ọmọ tún mí. Iná náà ràn. Omi bọ́ lójú mi sórí bẹ́ẹ̀dì, ọmọ mi sì rí i.

"Ẹ wò ó! Ẹ jẹ́ kí n sọ ọ́ kalẹ̀."

"Fún un le."

"Màmá?"

"Ọ̀já yẹn, fún un le. Èyí tó dẹ̀ yìí ló ń pa mí."

Kò fẹ́. Lẹ́yìn náà mo gbọ́ tó mí kanlẹ̀, ó tú u, ó fà á títí mo fi rò pé egungun ìhà mi á pàdé, ó dì í. Aṣọ dúró. Ọmọ dúró. Ó tẹ́ ẹ̀rẹ̀kẹ́ lé mi lẹ́yìn, ó gbóná, ara rẹ̀ wà lórí ojú àpá náà gan-an bí àtẹ́lẹwọ́ dókítà. Ìrora náà wà níbẹ̀, mi ò ní purọ́, àmọ́ kò pariwo mọ́. Mo nàró. Mo gbá ìdí rẹ̀ pẹ́pẹ́ bí àna mi ṣe máa ń ṣe, mo rìn dé òpin kọ́rídọ̀, mo padà.

Òjò dé, aṣọ ń rẹ lóde, ìyá wọn kò lọ kó o. Ó dúró síbi tó wà, ó fọwọ́ bo ẹnu. Oorun ti ń gbé ọmọ náà lọ díẹ̀díẹ̀ lẹ́yìn mi. Nígbà náà ni ọkùnrin rákò wá láti inú yàrá, ó di etí ìró mi mú, ó gbé ojú sókè, ó wo ìkejì rẹ̀, ó figbe ta.

Ìyá rẹ̀ sáré wá gbé e. "Ẹ má wo tirẹ̀, Màmá. Èmi á pọ̀n ọ́n."

"Fi í sílẹ̀," mo wí. "Jẹ́ kí èyí sùn wọra ná. Òun ló kàn."